Ọ̀ṣọ́ Tó Ń Rọ: Lámèyítọ́ lórí Ọgbà àti Ẹwà Ilé ní Àríwá Èkìtì

Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà Èkìtì, igi gbígbẹ́ ló máa ń gba gbogbo ẹnu: ilẹ̀kùn, òpó, agéré Ifá, orí Ẹ̀pa. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Igi máa ń pẹ́, ó ṣeé tà, ó ṣeé gbé kọ́ sára ògiri mùsíọ́ọ̀mù. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ìpàtẹ Wembley ní 1924, kò sì padà wálé mọ́. Ṣùgbọ́n ọnà kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lè dì sínú àpótí: èyí tí àwọn ìyá wa fi ewé, amọ̀, omi àti ẹ̀fọ́ dá sí àyíká ilé, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ dé Ìdó. Òun ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ní ìhà ibẹ̀, ọgbà àti ọ̀ṣọ́ kì í ṣe iṣẹ́ méjì, inú àtúnṣe ọdọọdún sì ni ẹwà àwọn méjèèjì wà. Ohun tí a bá ṣe lẹ́ẹ̀kan tí a fi sílẹ̀ títí ayé kò bá ọnà yìí tan.

Ẹ wo eégún Ẹ̀pa fúnra rẹ̀. Ìsàlẹ̀ orí igi náà rí bí ìkòkò, ojú wà níwájú, ojú wà lẹ́yìn. Lókè rẹ̀ ni jagunjagun orí ẹṣin wà, tàbí abiyamọ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Igi yìí lè lo ìran méjì nínú ilé, wọ́n á sì tún un kùn kí wọ́n tó gbé e jáde. Ṣùgbọ́n láti ọrùn dé ẹsẹ̀ ẹni tó gbé e, màrìwò ni. Tútù ni wọ́n ń gé e, wọ́n á sì dà á nù nígbà tí ọdún bá parí. Àwọn tó ra orí lọ fi aṣọ sílẹ̀. Nígbà tí a bá rí orí Ẹ̀pa nínú gíláàsì nílẹ̀ òkèèrè, ìdajì iṣẹ́ náà péré ni à ń wò. Alámèyítọ́ tó bá gbàgbé màrìwò ti fojú fo ohun tó ń mì, tó ń dún wàrawàra, tó ń tàn nínú oòrùn.

Ní Ìrè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, kò sẹ́ni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ pé màrìwò ni aṣọ Ògún. Àmọ́ ìmọ̀ tó wà nídìí gígé rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì yẹ ká kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gọ̀mọ̀ tí kò tíì tú ni a ń gé, nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì jọ ti èso ìyeyè. Ojú ìdàgbà kan ṣoṣo ni ọ̀pẹ ní, góńgó orí rẹ̀ ló sì wà. Ẹni tó bá ti àdá bọ ibẹ̀ ti pa igi náà. Nítorí náà, ẹyọ kan lórí igi kan, ká sì kọjá sí òmíràn. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ ni ká gé e, ká là á sí wẹ́wẹ́, ká bu omi wọ́n ọn, ká gbé e síbi òjìji di àárọ̀. Ibi tí ọrùn ewúrẹ́ kò lè dé ni ká so ó mọ́. Bó bá ti gbẹ, ká tú u. Ti ojúbọ yàtọ̀, àwọn àwòrò ló mọ ìgbà tirẹ̀; ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà ilé, màrìwò tó lo oṣù mẹ́ta ti kúrò ní ọ̀ṣọ́, ó ti di pàǹtírí.

Ògiri amọ̀ náà ń béèrè irú ìtọ́jú kan náà. Òjò á wẹ̀ ẹ́, ọyẹ́ á là á. Nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, àwọn obìnrin á po amọ̀, wọ́n á fi ọwọ́ ra ògiri, wọ́n á sì fi ẹlẹ́bọ́tọ pa ilẹ̀ kó lè dán. Kì í ṣe Èkìtì nìkan: ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin tó ń sin Òrìṣà Ìkirè ń fi ẹfun, osùn àti dúdú ya àwòrán sára ògiri ojúbọ, wọ́n sì ń tún un yà fún ọdún òrìṣà náà. Onímọ̀ iṣẹ́ ọnà Bọ́lájí Campbell kọ odindi ìwé lórí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní 2008. Inú mi dùn sí ìwé náà, torí ó gbé obìnrin sí ipò ayàwòrán tó tọ́ sí wọn. Ó ku ẹni tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń gbin ẹ̀yìnkùlé.

Nítorí ẹ̀yìnkùlé gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ jù. Mú ṣọkọyòkòtò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n nínú ìkòkò ọbẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìdí mẹ́rin tàbí márùn-ún dàgbà láìgé, yóò yọ òdòdó ṣóńṣó tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, tí funfun dà pọ̀ mọ́ ọn, ẹwà rẹ̀ yóò sì gùn wọ inú ọyẹ́ tí ó bá ń rí omi. Àwọn ará Yúróòpù ń ra ìbátan rẹ̀ nínú ìkòkò láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ ojú fèrèsé. Tiwa wà nínú ebè, a ò sì wò ó lójú. Kí a tó fọ́n irúgbìn rẹ̀, ká pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ, torí ó kéré jù fún ọwọ́ láti wọ̀n. Ká ti da ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà sí ebè ṣáájú. Lásìkò òjò, kí ebè ga kí omi má baà rọ́ gbòǹgbò pa. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, kí ojú ebè rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, kí a fi koríko gbígbẹ bò ó. Ká má fà á tu. Ọ̀bẹ ni ká fi gé e, ká fi ìwọ̀n ìka mẹ́rin sílẹ̀, yóò rúwé padà. Irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ wà nínú òdòdó tí a fi sílẹ̀ yẹn, tó fi jẹ́ pé ẹwà àti oúnjẹ ọ̀la ti di ohun kan ṣoṣo.

Pèrègún ló ń ṣe odi. Tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ká gé igi rẹ̀ ní ìwọ̀n apá kan, ká rì í mọ́lẹ̀ ní ìlà, kí ó súnmọ́ra. Kò béèrè ju ìyẹn lọ. Nínú ọyẹ́, nígbà tí eruku pupa bá ti bo gbogbo ewé, pèrègún ṣì tutù. Ewúro náà, igi rẹ̀ ni à ń rì. Efinrin yẹ kó wà nítòsí ilé ìdáná, níbi tí a ó ti máa fara kàn án kí òórùn rẹ̀ lè tú jáde. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà yẹ kó wà ní ibi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn sí. Ẹni tó kọ́kọ́ ronú èyí mọ ilé tò ju ọ̀pọ̀ ayàwòrán ilé lọ. Ọ̀dúndún àti rinrin fẹ́ òjìji, ìkòkò amọ̀ ìlú Ìsàn sì yẹ wọ́n, èyí tó ti sán tí kò gba omi mu mọ́.

Ọ̀yẹ́ fúnra rẹ̀ ní ìtàn tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ní 1947, Fadá Kevin Carroll àti Fadá Sean O'Mahony, àwọn òjíṣẹ́ Kátólíìkì, dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀. Bándélé, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sì, gbẹ́ igi níbẹ̀, abẹ́ rẹ̀ sì ni Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá ti kọ́ṣẹ́. Lára ohun tí wọ́n gbẹ́ ni ère ìbí Jésù fún Kérésìmesì, tí àwọn amòye láti ìlà-oòrùn fi jẹ́ ọba Yorùbá. Iṣẹ́ ńlá ni. Ohun tí mo mọyì jù nínú rẹ̀ ni pé ó tẹ̀ lé ìlànà Ẹ̀pa láìdárúkọ rẹ̀: igi tó ń pẹ́ ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, inú ibùjẹ ẹran tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ tútù ṣe ni wọ́n sì ń gbé e sí ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tí wọ́n bá ti fi bébà dídán àti òdòdó rọ́bà rọ́pò imọ̀, ère náà á dúró bí àlejò.

Rọ́bà yìí àti símẹ́ǹtì ló ń dùn mí. Ní oṣù Ọ̀pẹ, àwọn ọmọ ìlú á ti Èkó àti Ìbàdàn dé, ilé tuntun á ti kún Ìkọ̀lé àti Ìdó, wọ́n á ti fi bíríkì símẹ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní interlock bo gbogbo àgbàlá láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìn ilé. Wọ́n ní ejò kò ní wọlé, ilé á sì mọ́. Ìbẹ̀rù ejò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé orí obìnrin nìkan ni iṣẹ́ ríra ògiri àti bíbomi rin ẹ̀fọ́ já lé fún ìgbà pípẹ́, n kò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni kó padà sí ìnira yẹn. Ṣùgbọ́n ejò kì í sábà gbé nínú ọgbà tí a ń ro; inú igbó tí a pa tì ló ti máa ń pọ̀ jù. Ilẹ̀ tí a fi símẹ́ǹtì dí máa ń gbóná, òjò kì í wọnú rẹ̀, omi á wá ya lọ sílé aládùúgbò. Òdòdó rọ́bà kì í rọ, kì í sì í dàgbà. Eruku nìkan ló ń gbà.

Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ láti 2011, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé. Mo bẹ àwọn olùkọ́ ibẹ̀ pé kí wọ́n jókòó ti àwọn ìyá tó wà ní ìtòsí wọn, kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀fọ́, ìgbà gbígbìn àti ọ̀nà títọ́jú rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Èkìtì, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo sì bẹ ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́: ẹ fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ láìdí, kí ó fẹ̀ tó ebè méjì, kí pèrègún yí i ká, kí tọkọtaya jọ máa tọ́jú rẹ̀.