Àlejò Ọ̀sẹ̀ Kan: Yaphet Kotto, Ọmọ Ará Douala, Nínú Eré Káòbọ̀ì

Ẹni tó bá ti wo eré tẹlifíṣọ̀n Gunsmoke tàbí Bonanza pẹ́ ti mọ ìṣe wọn. Àlejò á gun ẹṣin wọ̀lú ní ìbẹ̀rẹ̀ eré. Kí wákàtí kan tó pé, wàhálà ti bá a tàbí kó ti bá wàhálà, ó ti kú tàbí kó ti bá tirẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Matt Dillon ti Gunsmoke ṣì wà ní Dodge City, àwọn Cartwright ti Bonanza ṣì wà lóko wọn, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè àlejò àná. Bonanza fi ọdún 14 ṣe bẹ́ẹ̀, láti 1959 dé 1973. Gunsmoke fi 20 ọdún ṣe é, láti 1955 dé 1975, apá rẹ̀ sì jẹ́ 635. Ẹ wo iye àlejò tí irú agbo bẹ́ẹ̀ á jẹ! Àwọn òṣèré tí ojú wọn mọ́ wa lára ju orúkọ wọn lọ ló ń fi iṣẹ́ yìí jẹun.

Ọ̀kan nínú wọn ni Yaphet Kotto. Wọ́n bí i ní New York ní 1939, ó sì kú ní Philippines ní 2021. Ará Douala ni bàbá rẹ̀, ìlú etí odò Wouri tí àwọn ọba Bell àti Akwa ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Jámánì ní 1884, níbi tí àwọn Jámánì kan náà ti so Rudolf Duala Manga Bell kọ́ ní 1914 nítorí pé ó kọ̀ kí wọ́n gba ilẹ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Títí dòní, àdúgbò kan ń jẹ́ Kotto ní Douala. Òṣèré yìí ní ọmọ ọba ni bàbá òun, Royalty ló sì sọ ìwé tó kọ nípa ayé ara rẹ̀ ní 1997. Ìdílé wo gan-an, oyè wo? Iṣẹ́ àwọn onítàn nìyẹn. Ohun tó kan lámèyítọ́ ni pé ọmọ tí wọ́n ti ń sọ fún láti kékeré pé ilé ọba ló ti wá kì í dúró níwájú kámẹ́rà bí ẹni tó wá tọrọ.

Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. N kò mọ ọ̀rọ̀ tó ṣàlàyé iṣẹ́ Kotto jù báyìí lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé fún òṣèré aláwọ̀ dúdú nínú eré káòbọ̀ì nígbà náà kò pọ̀, díẹ̀ tó wà kò sì ga: ẹrú àná, agbọ́tí, ọmọ ogun, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ó lọ sínú The Big Valley, ó lọ sínú Daniel Boone, kò sì ṣe èyíkéyìí tìtìjú-tìtìjú. Ó kàn ń jẹ́ iṣẹ́ náà bí ọmọ ni.

Ẹ wo apá Bonanza tí wọ́n ń pè ní Child, tó jáde ní September 1968. Wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kan Hoss, ọ̀kan nínú àwọn Cartwright, ní ibi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n rí. Child Barnett, káòbọ̀ì aláwọ̀ dúdú, ló dúró tì í, Kotto ló sì ṣe é. Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni bí ipò ṣe yí padà. Hoss tó jẹ́ onílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló di àlejò. Àlejò lójú, kò fi ríran, ṣùgbọ́n Child Barnett ríran, torí ó ti pẹ́ tí òun ti mọ bí ó ti rí kí wọ́n máa fojú ẹ̀sùn wo èèyàn. Kotto kò pariwo èyí. Ó máa ń dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, á jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnì kejì balẹ̀ pátápátá, ohùn rẹ̀ tó nípọn yẹn á wá jáde jẹ́ẹ́. Ọkùnrin gíga, fífẹ̀ ni. Irú ara bẹ́ẹ̀ lè bo ojú tẹlifíṣọ̀n mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti ń fi ara ńlá jókòó sí ibi kékeré.

Oṣù méjì péré lẹ́yìn èyí, ó wọ aṣọ ogun nínú The High Chaparral, gẹ́gẹ́ bí sájẹ́ǹtì láàárín àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin aláwọ̀ dúdú tí ìtàn Amẹ́ríkà ń pè ní Buffalo Soldiers. Iṣẹ́ yìí kò tó ti Bonanza lójú tèmi, torí ẹ̀kọ́ ìtàn ti pọ̀ jù lẹ́nu àwọn èèyàn inú rẹ̀. Ní 1970 ni ó dé Gunsmoke, nínú apá tó ń jẹ́ The Scavengers, Cicely Tyson sì jẹ́ aya rẹ̀. Piney Biggs tó ṣe níbẹ̀ kì í ṣe ẹni mímọ́. Ó ti purọ́, irọ́ náà sì di ẹrù sọ́rùn àwọn Íńdíà Amẹ́ríkà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èyí ni mo kà sí èyí tó dára jù nínú gbogbo àbẹ̀wò rẹ̀. Àwọn tó ń kọ eré nígbà náà fẹ́ràn kí aláwọ̀ dúdú jẹ́ yálà olóòótọ́ tí kò lábùkù tàbí ọ̀daràn. Òpùrọ́ tí ẹ̀rí ọkàn ń jẹ jẹ́ odidi èèyàn, odidi èèyàn ló sì ṣọ̀wọ́n.

Àwọn kan máa ń sọ pé ipa àlejò kò ju ìtúra lọ, pé ṣe ni wọ́n fi àwọ̀ dúdú kan sínú ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni má baà bínú. Òótọ́ wà ńbẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn eré yẹn tó fún un ní ilé. Síbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n rántí ohun tí ìṣẹ́jú àádọ́ta ń kọ́ òṣèré. Onílé lè fi ọdún mẹ́wàá jẹ́ kí a mọ òun díẹ̀díẹ̀. Àlejò kò ní àkókò bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin ni kí a ti mọ ibi tó ti ń bọ̀, ẹni tó ń sá fún, ohun tó ń dùn ún. Àwọn alárìnjò wa mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: wọ́n ti wọ ìlú, wọ́n ti ṣeré, ilẹ̀ ọ̀la kò ní í mọ́ bá wọn níbẹ̀.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé Douala kò lè rí i nígbà náà. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní October 1959, oṣù kan lẹ́yìn tí Bonanza bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n 1985 ni Cameroon tó ní tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀. Kì í ṣe pé ìlú Áfíríkà kò mọ káòbọ̀ì o. Sinimá ti gbé wọn dé. Ní Niger, Moustapha Alassane ti ṣe Le Retour d'un aventurier ní 1966, níbi tí ọ̀dọ́kùnrin kan ti ti Amẹ́ríkà dé pẹ̀lú aṣọ káòbọ̀ì fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ìlú sì dàrú. Alassane ń fi àwọn tó ń sín Amẹ́ríkà jẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́dún díẹ̀ sígbà náà, ọmọ ará Douala wà nínú ohun tí wọ́n ń sín jẹ gan-an, lórí ẹṣin, nínú tẹlifíṣọ̀n tí àwọn èèyàn bàbá rẹ̀ kò ní.

Ẹ̀kọ́ àlejò yìí kò fi í sílẹ̀. Nínú 5 Card Stud ti 1968, sinimá káòbọ̀ì tí Dean Martin àti Robert Mitchum léwájú, agbọ́tí lásán ni, wọ́n sì pa á. Kó tó kú ló fi àmì sílẹ̀ tí wọ́n fi mọ apànìyàn. Òkú náà ṣì ń sọ̀rọ̀. Ní 1973 ó di Kananga nínú Live and Let Die, ó sì fi ọlá ṣe é títí dé ìgbà tí wọ́n fẹ́ ẹ bíi bàlúùnù tó sì bẹ́, ikú kan tí kò yẹ ẹnikẹ́ni. Nínú Alien ti 1979, ọkọ̀ wọn ń rìn láàárín ìràwọ̀, ẹ̀rọ ti jí wọn lójú oorun, wọ́n jókòó ti oúnjẹ, Parker, tí Kotto ṣe, sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó àjẹmọ́nú òun. Níbi oúnjẹ yẹn, kí ẹran abàmì kankan tó yọjú, a ti mọ ẹni tó jẹ́.

Ó pé ọmọ ọdún 53 kí wọ́n tó fún un ní ilé tó pẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Homicide: Life on the Street bẹ̀rẹ̀ ní 1993, òun sì ni Al Giardello, ọ̀gá ẹ̀ka ọlọ́pàá kan ní Baltimore, ọmọ Ítálì àti aláwọ̀ dúdú pọ̀. Ó jókòó síbẹ̀ fún sáà méje. Ní January 1994, Robin Williams wọlé fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ọkọ tí wọ́n yìnbọn pa aya rẹ̀ lójú rẹ̀. Ó sunkún, ó bínú, ó sì lọ. Kotto ṣì wà lórí àga rẹ̀.