Orí Wú Kì í Ṣe Ìyangàn: Òbí, Ọmọ àti Ìṣèlú nínú Aké

Àwa Yorùbá máa ń pa á lówe pé, "A kì í yin ọmọdé lójú ara rẹ̀, ìfàsẹ́yìn ní í kángun rẹ̀." Ẹni tí ó bá gbọ́ òwe yìí láìmọ bí a ṣe ń lò ó lè rò pé òbí ilẹ̀ wa kò mọyì ọmọ tí ó já fáfá. Èrò náà kò tọ̀nà. Òwe náà kò ní kí inú òbí má dùn. Ohun tí ó ní ni pé kí òbí wá ọ̀nà mìíràn, yàtọ̀ sí ẹnu, tí yóò fi ìdùnnú náà hàn. Ọ̀nà mìíràn yìí ni mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú Aké, ìwé tí Wọlé Ṣóyínká kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì nípa ìgbà èwe rẹ̀, tí ó jáde ní 1981, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì túmọ̀ sí Yorùbá. A mọ ìwé náà fún ẹ̀rín inú rẹ̀ àti fún àwòrán ìlú Abẹ́òkúta láyé òyìnbó. Ohun tí èmi fẹ́ bi í ni èyí: nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ìlú, kí ni òbí tí orí rẹ̀ wú ń ṣe?

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Yorùbá ní "orí mi wú". Wọ́n sì tún ní "mo fi ọmọ mi yangàn". Àwọn méjèèjì jọ ara wọn, ṣùgbọ́n ìlò wọn yàtọ̀. Orí tí ó wú, lára ẹni tí ó ni ín ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Kò nílò ẹlẹ́rìí. Ìyangàn kò lè wáyé láìsí ẹni tí ń wòran: ènìyàn kì í dá yangàn nínú iyàrá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìṣèlú rí. "Ṣe" àti "ìlú" ni ó bí i: kí ènìyàn ṣe ìlú, kí ó tún un ṣe. Bí a bá dé orí "olóṣèlú", "oní" ti wọ inú rẹ̀. Mo mọ̀ pé "oní" lè tọ́ka sí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ kan lásán, bí i ti oníṣòwò. Síbẹ̀, lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí, ohun tí a ń ṣe ti di ohun tí a ní. Òbí tí ó bá sọ pé ọmọ òun fẹ́ràn òṣèlú lè ní iṣẹ́ lọ́kàn. Ó sì lè jẹ́ ipò ni ó ní lọ́kàn. Inú àlàfo yìí ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Nínú Aké, Essay ni orúkọ tí ọmọ náà fi pe bàbá rẹ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ St. Peter's, Wild Christian ni ó pe ìyá rẹ̀, tí ó ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọ̀rẹ́ Essay a máa wá sílé, wọn a sì máa jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, orúkọ Hitler sì wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, bí àlejò bá dé, ọmọdé yóò kí i, yóò sì yẹra. Ọmọ inú ìwé yìí kì í yẹra tán. Ó ń gbọ́, ó ń rántí, ó sì ń padà wá béèrè. Bí a bá ń wá ibi tí bàbá ti kan sáárá sí i nítorí èyí, ọwọ́ òfo ni a ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú padà. Ohun tí a ó rí ni pé wọn kò lé e. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí ó kó ìwé lórí tábìlì bàbá rẹ̀, tí ó tẹ̀lé Tinú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́, wọ́n sì gbà á láyè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe rí àyè nínú ọ̀rọ̀ àgbà. Àyè ìjókòó yẹn ni ìyìn.

Apá ìparí ìwé náà ni èyí ti hàn jù, níbi tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti dìde lórí owó orí. Ìtàn gidi ni. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí ìwé náà pè ní Beere, ni ó ṣáájú wọn. Ẹgbẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpàdé àwọn ìyàwó tí ó kàwé di ti àwọn obìnrin ọjà pẹ̀lú. Wọ́n wọ́de lọ sí ààfin ní 1947, Aláké Adémọ́lá Kejì sì fi ìlú sílẹ̀ ní 1949. Wild Christian wà lára àwọn tí ń ṣètò. Kí ni wọ́n fi ọmọ náà ṣe? Wọ́n rán an níṣẹ́. Ó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ó sì ń bá wọn kọ́ àwọn obìnrin tí ó jù ú lọ fíìfíì ní ìwé kíkà. Ẹni tí ó bá mọ ilé Yorùbá mọ̀ pé iṣẹ́ rírán kì í ṣe ohun kékeré. Ọmọ tí kò lè pa àṣírí mọ́, a kì í rán an nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. "Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, a bá àgbà jẹun." Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni wọ́n fi sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìwé náà ti dára jù: òǹkọ̀wé kò fi àlàyé sí àwọn òbí lẹ́nu, ó jẹ́ kí iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n àléébù kò ṣàì sí. Èkínní ni ti àkókò. Wọ́n bí Ṣóyínká ní 1934. Nígbà ìwọ́de 1947, ó ti pé ọmọ ọdún 13, ó sì ti wọ Government College ní Ìbàdàn. Nínú ìwé, ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra àtilọ síbẹ̀ ni a rí láàrin rògbòdìyàn náà. Ìrántí ti fa ọmọ àti ìṣẹ̀lẹ̀ súnmọ́ ara wọn ju bí ọjọ́ ṣe tò wọ́n lọ. N kò pe èyí ní irọ́. Ohun tí ó kọ́ wa ni pé etí ọmọ ni a fi ń gbọ́ ìwúrí òbí nínú ìwé yìí, ọmọ náà sì ti mọ ohun tí òun dà kí ó tó kọ ọ́. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú ìwúrí náà jẹ́ ti òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀.

Èkejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjà àwọn obìnrin ni, ojú ọmọkùnrin ni a sì fi wò ó. Tinú ni ó kọ́kọ́ lọ sílé ẹ̀kọ́. Òun ni àbúrò rẹ̀ tẹ̀lé. Ohun tí ọmọbìnrin inú ilé yẹn rí nínú ìjà náà, a kò gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀. Òbí mélòó ni orí wọn ń wú sí ọmọkùnrin tí ń jiyàn, tí wọ́n sì ń pe ọmọbìnrin tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní aláfojúdi? Aké kò béèrè. Ó yẹ kí àwa béèrè.

Kí á lè mọ ohun tí ilé Essay ṣe dáadáa, ẹ jẹ́ kí á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mìíràn, ní Íńdíà, níbi tí òyìnbó kan náà ti ń jọba. Jawaharlal Nehru kọ lẹ́tà sí Indira ọmọ rẹ̀ nígbà tí ó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Àwọn lẹ́tà náà di ìwé ní 1929. Láti ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ó tún ti kọ ọ̀pọ̀ mìíràn sí i nípa ìtàn àgbáyé. Nehru ń sọ̀rọ̀, ọmọ ń gbọ́. Ní Aké, àwọn àgbà ń bá ara wọn jiyàn, ọmọ sì ń rí i pé ọ̀rẹ́ lè ta ko ọ̀rẹ́ kí wọ́n sì jọ jẹun lọ́jọ́ kejì. Mo bọ̀wọ̀ fún lẹ́tà Nehru. Síbẹ̀, Indira di olórí ìjọba ní 1966, ó sì kéde ìjọba pàjáwìrì ní 1975, ó kó àwọn alátakò rẹ̀ sẹ́wọ̀n bí òyìnbó ti ṣe fún bàbá rẹ̀. N kò di ẹ̀bi èyí ru àwọn lẹ́tà náà. Mo kàn ń sọ pé kíkọ́ ọmọ ní ìtàn kò tó. Ó yẹ kí ọmọ tún kọ́ bí a ṣe ń fara da àtakò.

Ìwúrí tòótọ́ a sì máa ná ènìyàn ní nǹkan. Beere fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Fẹlá ọmọ rẹ̀ fi orin bá ìjọba ológun jà. Ní oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n ju ìyá náà sílẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 1978. Ìyá yìí kò dúró lókèèrè fi ọmọ yangàn. Inú ilé ọmọ náà ni wọ́n ti bá a.

Ní 2018, òfin Nàìjíríà dín ọjọ́ orí ẹni tí ó lè du ipò kù: ti ààrẹ láti 40 sí 35, ti ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin láti 30 sí 25. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ jáde sí ìgboro lórí ìwà àwọn ọlọ́pàá SARS, ìwúrí àti ẹ̀rù jọ bá ọ̀pọ̀ òbí lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin lè ṣí ilẹ̀kùn ilé ìgbìmọ̀ fún ọmọ ọdún 25. Kò lè bá a ṣí ti yàrá àlejò bàbá rẹ̀. Ọmọ tí a kò jẹ́ kí ó béèrè ọ̀rọ̀ nílé, kí ni yóò lọ béèrè ní Àbújá? Ipò ni yóò béèrè.

"Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀." Òbí tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá orí òun wú ni tàbí òun kàn ń yangàn, kí ó dúró de ọjọ́ tí ọmọ náà yóò kọjú ìbéèrè sí òun gan-an: ta ni ẹ dìbò fún, kí sì ni ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ kí ọmọ jókòó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ti yìn ín.