Iná àti Kúráǹ: Àríwísí lórí Ìwé Oníṣẹ́ Wáyà Kan

Ìwé kékeré kan tẹ̀ wá lọ́wọ́, tí a fi Yorùbá kọ fún àwọn oníṣẹ́ wáyà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà ní èdè abínibí wọn. Ohun tó ń kọ́ni ni bí a ti ń fi ẹ̀rọ Megger yẹ èèpo rọ́bà tó bo wáyà wò, bóyá ó ṣì lè sé kúráǹ mọ́nú. Láti 1903 ni orúkọ yìí ti di orúkọ ọjà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; lónìí, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ló ń fi í pe gbogbo ẹ̀rọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yin òǹkọ̀wé náà. Ó fi ẹ̀rọ yìí wé obìnrin tó ra ìkòkò, tó pọn omi kún un kó tó gbé e kaná. Àfiwé yìí mọ́gbọ́n wá. Wáyà ilé tó ń lo 220 fóòtì, 500 fóòtì ni ẹ̀rọ náà ń tì wọ inú rẹ̀, kí ibi tó fẹ́ jò lè tètè hàn. Bí ó bá ka mẹ́gà-óòmù 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wáyà náà kúnjú òṣùwọ̀n. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, èèpo ti ń jò.

Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kò fẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò rárá. Ó lé "kúráǹ" jáde nítorí pé ọ̀dọ̀ Faransé ni a ti yá a, ó sì fi "iná" rọ́pò rẹ̀ níbi gbogbo. Ibi tí ewu wà nìyí. Ó ní kí a pa iná kí a tó so ẹ̀rọ. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, ẹni tí a bá ní kó pa iná, gílóòbù ni yóò pa. Gílóòbù lè kú kí kúráǹ ṣì wà nínú wáyà. Ohun tó yẹ kó sọ ni pé kí a gé kúráǹ níbi tó ti ń wọlé, kí a sì yẹ wáyà wò kí ó dájú pé kò sí kúráǹ níbẹ̀ mọ́.

Síwájú sí i, ó ní bí iná bá ti tán, kí a tú ẹ̀rọ kúrò. Iná wo? Àmì orí ẹ̀rọ lè kú, àmọ́ nínú wáyà gígùn tàbí mọ́tò ńlá, èyí tí ẹ̀rọ ti tì wọlé a máa lúgọ síbẹ̀, ó sì lè gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. A gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó ṣàn jáde sínú wáyà ilẹ̀. Ó kéré tán, kí àkókò ìyẹn tó ìlọ́po mẹ́rin àkókò tí a fi dán an wò. Ìwé náà kàn ní kí a fi í kan ilẹ̀. Òǹkàwé tí kò gbọ́ "wáyà ilẹ̀" rí yóò fi ẹnu wáyà kan sìmẹ́ńtì.

A kò sọ pé kí a kó gbogbo ọ̀rọ̀ Faransé wọ inú ìwé wa. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn oníṣẹ́ ti ya kúráǹ sọ́tọ̀ kúrò lára iná kí àwa olùkọ́ tó dé. Ìyàtọ̀ tí wọ́n fi ń dá ẹ̀mí ara wọn sí, kí a má ṣe fi ìfẹ́ èdè pa á rẹ́. Kí irú ìwé yìí tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé, ẹ fún oníṣẹ́ kan kà sókè, kí ó máa ṣe ohun tó ń kà lára wáyà tí kò ní kúráǹ nínú, kí ẹ sì máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ibi tí ọwọ́ bá ti ṣìnà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kù díẹ̀ káàtó. Ẹyin lọ̀rọ̀, nínú iṣẹ́ yìí, bí ó bá balẹ̀, kì í ṣe òun nìkan ló ń fọ́.