Ẹkún Nìkan Kọ́: Àyẹ̀wò Ojú tí Yanagi fi Wo Iṣẹ́ Ọnà Kòríà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ń ríran. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ Yanagi Muneyoshi, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù, mu. Ní ọdún 1910 ni Jàpáànù gba ilẹ̀ Kòríà. Ó di ọdún 1945 kí ó tó fi í sílẹ̀. Ojú ẹ̀gàn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn amúnisìn náà fi wo àṣà onílẹ̀. Yanagi kò sí lára àwọn ẹlẹ́gàn. Ìfẹ́ ni ó fi kọ̀wé, ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà ní àbùkù nínú.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Kòríà dìde béèrè òmìnira ní oṣù Kẹta ọdún 1919, tí ìjọba sì fi ìbọn dá wọn lóhùn, Yanagi bá wọn kẹ́dùn nínú ìwé ìròyìn. Ní 1922, ìjọba fẹ́ wó Gwanghwamun, ẹnu ọ̀nà ààfin Gyeongbok ní ìlú Seoul, nítorí ilé ńlá tí wọ́n ń kọ́ síbẹ̀. Ó kọ̀wé takò ó. Níkẹyìn wọ́n ṣí i lọ sí ibòmíràn dípò kí wọ́n pa á run. Ní 1924, òun àti Asakawa Takumi ṣí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí fún iṣẹ́ ọnà Kòríà nínú ààfin náà.

Níbo wá ni àbùkù wà? Yanagi ní ìbànújẹ́ ni ẹwà iṣẹ́ ọnà Kòríà. Ó ní ìyà ti jẹ orílẹ̀-èdè náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìlà tó tẹ̀ lára ìkòkò fi di ẹkún, tí aṣọ funfun sì di aṣọ ọ̀fọ̀. Èyí kò dúró. Ìkòkò funfun ni àwọn ọba Joseon ń lò láàfin, nítorí pé ẹ̀kọ́ Confucius tí wọ́n ń tẹ̀ lé fẹ́ràn ìwà àìṣàṣehàn. Bákan náà, àwọn oníjó tó ń bojú máa ń fi àwọn ọlọ́lá àti àwọn àlùfáà ṣe ẹlẹ́yà títí èrò yóò fi rẹ́rìn-ín. Níbo ni ẹ̀rín yìí ti wá bí ó bá jẹ́ pé ẹkún nìkan ni wọ́n mọ̀? Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni.

Ewu tó wà níbẹ̀ ju ti ìkòkò lọ. Bí ìbànújẹ́ bá jẹ́ ìpín Kòríà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, a jẹ́ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1910 di àyànmọ́, kò tún jẹ́ ìṣe ìjọba kan tí ènìyàn lè bi léèrè mọ́.

Ọ̀nà mìíràn ni Asakawa gbà. Iṣẹ́ igbó ni ó ń ṣe ní Kòríà, ó sì kọ́ èdè ibẹ̀. Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1931, ọdún tí ó kú, ṣe àkọsílẹ̀ orúkọ tí àwọn onílẹ̀ fúnra wọn ń pe àwo àti ìkòkò wọn, àti ohun tí wọ́n ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe. Ó bi olóhun léèrè kí ó tó sọ̀rọ̀. Ní 1938, ìjọba yọ èdè Kòríà kúrò nínú iṣẹ́ tó pọn dandan nílé ẹ̀kọ́. Ní 1940, wọ́n ń fi ipá mú ènìyàn láti gba orúkọ bíi ti Jàpáànù. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, orúkọ àwo ìjẹun kì í ṣe ohun kékeré.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àwọn amọ̀kòkò Kòríà ríran nínú ìyà wọn, wọ́n sì mọ ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe. Lámèyítọ́ tó bá káàánú wọn láìbi wọ́n léèrè ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn.