Gbé: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Tó Wà Nínú Orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́

Àwa tí a ń kọ kóòdù fẹ́ràn àtẹ. Nígbà tí a fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà ní ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá, àtẹ la kọ́kọ́ wá. Èdè Serbo-Croatian ní tirẹ̀, a sì wo nositi tó túmọ̀ sí gbé: nosim ni "mo ń gbé", nosiš ni "ò ń gbé", nosi ni "ó ń gbé". Ìparí ọ̀rọ̀ ló ń sọ ẹni tó gbẹ́rù. A wá ṣe irú ẹ̀ fún gbé: mo gbé, o gbé, ó gbé, a gbé, ẹ gbé, wọ́n gbé. Ẹ̀rín pa wá. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé náà nìyẹn: ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà; ń, ti, yóò àti kò ló ń bá a ṣe gbogbo iṣẹ́.

A ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ tí a ń gbé (gbé mìíràn nìyẹn, ti ibùgbé) ló là wá lójú.

Ìtàn orúkọ ìlú yìí kò ṣàjèjì. Samuel Johnson fi í sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921: Ògúnlọlá ọdẹ pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń da Ọ̀yọ́ láàmú, ó gbé orí rẹ̀ lọ fún Aláàfin. Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ló di Ògbómọ̀ṣọ́. Ìtàn orúkọ máa ń dùn jù nígbà míì, àwa náà máa ń fura sí i. Ṣùgbọ́n gírámà inú èyí ò ní àbùkù. Gbé pàdé orí, é ṣubú, o dúró, àmọ́ ohùn òkè tí é gbé dání ò bá a ṣubú: ó gorí o. Gbé orí, gbórí. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà pàdánù fáwẹ̀lì, kò pàdánù ohùn. Tí ìyẹn ò bá jẹ́ ìyípadà, kí la fẹ́ pè é?

Ti gbà tún le jù bẹ́ẹ̀. Owó ni mo gbà, ṣùgbọ́n mo gba owó. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀ lé wọn: gbé mi, àmọ́ gbà mí. Àtẹ wa ka gba àti gbà sí ọ̀rọ̀ méjì, ọjọ́ mélòó kan la sì fi wá àṣìṣe náà. Ẹ̀bi tiwa ni. Ìparí ọ̀rọ̀ là ń wò nígbà tí iṣẹ́ wà lórí rẹ̀.

Gbé tún máa ń béèrè iye ẹrù, ohun tí nositi kì í ṣe. Orí kan ni Ògúnlọlá gbé. Ká ní mẹ́ta ni, ṣe ló máa kó wọn, orúkọ ìlú ìbá sì yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n Ogbomoso là ń kọ sórí fọ́ọ̀mù, sára ọkọ̀, sínú áàpù tí a fọwọ́ ara wa ṣe. Fáwẹ̀lì gbé ti lọ tipẹ́. Tí a bá tún yọ ohùn, gb nìkan ló kù níbẹ̀ lára ohun tí ọdẹ yẹn ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ṣí kóòdù wa, a bá ìlà kan tí àwa fúnra wa kọ, tó ń yọ àmì ohùn kúrò kó tó fi ọ̀rọ̀ pamọ́, kí wíwá nǹkan lè yá. A ti pa á rẹ́.