Bírò Pupa Lábẹ́ Ẹ

Ẹni tó bá kàn ṣí ojú ìwé náà kọjá lè má rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ẹ̀gbẹ́", ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tẹ̀ sórí pépà, tó wá lẹ̀ mọ́ inú nótúbúùkù rẹ̀: ìwọ̀n lẹ́tà 36 lókè, 18 tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà 12, lẹ́yìn náà 8 tó kéré jù. Ó fi bírò pupa yí ibì kan po nínú èyí tó kéré jù yẹn, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Àmì abẹ́ ẹ ti lẹ̀ mọ́ ìrù g. Kì í ṣe àmì ló tóbi jù. Ìrù g ló ká sọ́wọ́ òsì jù. Gé ìrù yẹn kù ná kí o tó fọwọ́ kan àmì."

Mo wo ojú ìwé yìí títí. Ó sọ ibi tí àléébù wà gan-an. Ó gbọ́ ẹjọ́ àwọn méjèèjì tó kọlu ara wọn kó tó dá ọ̀kan lẹ́bi, ó sì rán ọwọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ tí yóò jẹ́ lọ́jọ́ kejì. Nínú ohun tí mo ti rí lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà, ìwọ̀nba ló dára tó gbólóhùn mẹ́rin wọ̀nyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tí yóò gbé wọn kọ́ sára ògiri.

Gíráfíìkì ló ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe kan. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ni láti ya fọ́ǹtì kan tí èèyàn lè fi kọ Yorùbá láìjẹ́ pé àmì ń fò kiri. Kò sí òǹkàwé Yorùbá tí kò mọ àìsàn tó fẹ́ wò sàn yìí. Ẹ wo ìwé ètò ìsìnkú, ẹ wo pátákó ìta ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ wo ìwé ìpè ìgbéyàwó: àmì ohùn á yẹ̀ kúrò lórí fáwẹ̀lì, á lọ dúró lórí kóńsónáǹtì tó tẹ̀ lé e, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó síbi tó yẹ kí ọ́ wà, tàbí kí lẹ́tà kan ṣàdédé sanra láàárín àwọn tó tín-ín-rín. Atẹ̀wé la sábà máa ń dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n inú fọ́ǹtì ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ètò Unicode tí àwọn kọ̀ǹpútà ń lò fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, àmọ́ kò fún ẹ́ tàbí ọ̀ ní nọ́ńbà kankan. Kọ̀ǹpútà ní láti mú ẹ, kó mú àmì ohùn lọ́tọ̀, kó wá gbé e lé ẹ lórí. Ayàfọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ fi ibi tí yóò gbé e lé hàn án: ó ní láti fi ojú kan tí wọ́n ń pè ní anchor sórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kó fi irú rẹ̀ sí ìdí àmì ohùn, kí àwọn méjèèjì lè pàdé. Bí kò bá ṣe é, àmì á bọ́ síbi tó bá wù ú.

Ọ̀rọ̀ àmì abẹ́ lẹ́tà fúnra rẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS pe ìpàdé lórí àkọtọ́ Yorùbá ní Èkó ní ọdún 1875, púpọ̀ nínú àṣà ìkọ̀wé tí a sì ń tẹ̀ lé dòní ló fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, bí àmì abẹ́ ṣe yẹ kó rí kò dúró sójú kan. Nínú àwọn ìwé kan, àmì roboto ni. Nínú òmíràn, ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán. Ọmọbìnrin yìí ya méjèèjì, ó tẹ̀ wọ́n, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ìlà yẹn ń hàn kedere bí yíǹkì bá tilẹ̀ fẹ́ tán, ṣùgbọ́n ó gùn sísàlẹ̀, ó ń kan àmì ohùn tó wà lórí ìlà ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Àmì roboto kò gùn, àmọ́ bí yíǹkì bá pọ̀, á wú, á sì lẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà. Ibi tó parí rẹ̀ sí ni àmì onígun mẹ́rin kan tó fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ, tó sì jìnnà sí ìdí lẹ́tà díẹ̀. Èmi ì bá mú ìlà, torí òun ni mo fi mọ ìwé kà, ojú mi sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tó kọ sílẹ̀ yé mi, mi ò sì rí ohun tí mo lè fi ta kò ó.

Ohun tó wú mi lórí jù ni bó ṣe ń wá ẹ̀rí. Lójú kọ̀ǹpútà, níbi tí èèyàn ti fẹ lẹ́tà kan tóbi bí àwo, gbogbo fọ́ǹtì ló dára. Nítorí náà, kì í dá ẹjọ́ kankan níbẹ̀. Ó máa ń gbé pépà rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù onífótókópì, wọ́n á ṣe ẹ̀dà kan, wọ́n á tún ṣe ẹ̀dà ti ẹ̀dà yẹn, torí bẹ́ẹ̀ ni ìwé orin àti ìwé ìkéde ṣe ń dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Lẹ́yìn náà, á bẹ ẹni tó bá wà nítòsí pé kó bá òun kà á sókè. Ọ̀rọ̀ tí àmì kún inú rẹ̀ ló kó jọ fún wọn: ọ̀pọ̀lọ́pọ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ọ̀jọ̀gbọ́n, ibi tí ìrù p, g àti j ti ń du àyè mọ́ àmì abẹ́ fáwẹ̀lì lọ́wọ́. Bí ẹni náà ṣe ń kà, ọmọbìnrin yìí á máa wo ẹ̀dà tirẹ̀. Ibi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀, á fàlà sí i.

Ó tún mọ̀ pé ẹ̀bi fọ́ǹtì kọ́ ni gbogbo ìkọsẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ni kíka àmì ohùn kò mọ́ lára. Nítorí èyí, ó tẹ ọ̀rọ̀ kan náà nínú fọ́ǹtì mìíràn tí ojú ti mọ̀, ó sì fún ẹlòmíràn kà. Bí àwọn méjèèjì bá kọsẹ̀ níbì kan náà, á kọ "ọ̀rọ̀ ló le" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ inú fọ́ǹtì tirẹ̀ nìkan ni wọ́n ti kọsẹ̀, á kọ "èmi ni". Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tọrọ àforíjì fún gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, mo sì ti rí èyí tó ń gbèjà gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì: wọn kò fẹ́ wo iṣẹ́ náà. "Èmi ni" tí ọmọ yìí kọ kò ní ẹkún nínú, kò sì ní àwáwí. Ó kàn sọ ibi tí ọwọ́ yóò padà sí.

Lójú ìwé kan, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sókè: ìfarahàn, gígún, jíjọra. Àwọn tó ń ṣèdájọ́ ère ló yá wọn lọ́wọ́. Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, rìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá láàárín ọdún 1960 sí 1970, ó ń to ère síwájú àwọn èèyàn, ó ń béèrè èyí tó dára jù àti ohun tó fà á. Ó kó ohun tí wọ́n sọ jọ sínú àròkọ kan tó jáde ní 1973, àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí sì wà lára òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́: kí gbogbo ẹ̀yà ara ère hàn ketekete, kó nàró kí ọ̀tún àti òsì rẹ̀ sì dọ́gba, kó jọ èèyàn láìjẹ́ ojú ẹnì kan pàtó. Ọmọbìnrin náà wá sọ wọ́n di ìbéèrè fún lẹ́tà. Ìfarahàn: ṣé ihò inú ẹ ṣì ṣí sílẹ̀ ní ìwọ̀n 8? Jíjọra: ṣé ẹ ṣì jọ e tó, àbí ó ti dà bí àlejò láàárín àwọn yòókù? Lórí gígún ló pẹ́ sí jù. Ó fi rúlà wá àárín ẹ, ó gbé àmì ohùn sórí rẹ̀ gẹ́lẹ́, àmì náà sì dà bí ẹni pé ó yẹ̀. Lẹ́tà ẹ la ẹnu sí ọwọ́ ọ̀tún, nítorí náà òsì ni ojú ti ń rí ìwúwo rẹ̀. Ó sún àmì náà sósì díẹ̀díẹ̀ títí ó fi nàró lójú, ó wá kọ ọ́ pé ojú ni òun tẹ̀ lé, rúlà kọ́. Mo gbà pé agbẹ́gilére kan yóò mọ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Bó ṣe ń bá iṣẹ́ rẹ̀ jíròrò báyìí mú mi rántí ìtàn kan. Nínú ìwé The Reflective Practitioner tó jáde ní 1983, Donald Schön, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì MIT nígbà náà, sọ ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ kan tó pè ní Petra, tó ń ya àwòrán ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ilé náà kò sì bá ilẹ̀ mu. Quist, olùkọ́ rẹ̀, tẹ́ pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí àwòrán rẹ̀, ó ń yà, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń wò ó bóyá ohun tó yí padà níhìn-ín yóò tún nǹkan ṣe lọ́hùn-ún tàbí yóò bà á jẹ́. Ohun tí Schön rí fà yọ ni pé ẹni tó mọṣẹ́ máa ń bá iṣẹ́ jíròrò nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, iṣẹ́ á sì máa dá a lóhùn. Òótọ́ ni, ìtàn náà sì dùn ún kà. Àmọ́ Petra ni mo máa ń wá bí mo bá ń kà á. Látìgbà tí Quist ti mú pẹ́ńsù, ohùn ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n yẹ iṣẹ́ wò nílé ẹ̀kọ́ tí mò ń sọ yìí, olùkọ́ kò yọ pẹ́ńsù kúrò lápò. Ó wo àwọn pépà tó wà lára ògiri, ó ní: "Ìwọ lo máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Má tíì sọ bó o ṣe bẹ̀rẹ̀. Mú mi lọ síbi tí kò tẹ́ ọ lọ́rùn."

"Ibí yìí ni, sà. Nígbà tí mo sún àmì abẹ́ ẹ àti ọ wálẹ̀, mi ò padà sórí ṣ. Ẹ wo 'ẹ̀ṣọ́', sà. Àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò tò sórí ìlà kan."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ojú mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi, sà. Mo wá fi rúlà lé e."

"Ó dáa. Èwo ló dára níbẹ̀?"

Ó dákẹ́. Ìbéèrè yìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ fún ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá. Kí ọmọdé máa yin iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ níwájú àgbà, ó súnmọ́ ìgbéraga. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi máa ń ní ẹ̀yin lẹ máa sọ, sà. Olùkọ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì là á lọ́nà. Ó ní, "Mi ò ní kó o yin ara rẹ. Ẹ̀rí ni mò ń béèrè."

"Àlàfo àárín ìlà ni, sà. Mo fẹ̀ ẹ́ débi tí àmì abẹ́ ìlà òkè àti àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ ò fi ní pàdé, ìpínrọ̀ náà ò sì tú ká. Ẹ wo ẹ̀dà fótókópì yìí, sà."

Ó na pépà sí i. Olùkọ́ gbà á, ó gbé e súnmọ́ fèrèsé, ó kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé ìsàlẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní fọ́ọ̀mù kí wọ́n fún ara wọn ní máàkì láti 1 dé 5. Mi ò mọ ohun tí olùkọ́ lè fi 4 ṣe. Ohun tí ọmọ yìí sọ ní ìṣẹ́jú bíi mélòó kan yẹn, olùkọ́ lè dúró lé e lórí kó máa kọ́ ọ nìṣó, òun náà sì lè fi kọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn tí kò bá sí olùkọ́ mọ́.

Lẹ́tà ńlá ló kù báyìí. Ẹ àti Ọ ńlá ti ga tẹ́lẹ̀, bí àmì ohùn bá wá gun orí wọn, ọ̀pọ̀ ojú ẹ̀rọ á gé e. Ó ti dán an wò láti rẹ gbogbo lẹ́tà ńlá sílẹ̀, bírò pupa sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n wá kúrú jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ b àti l. Ó ń tẹ́ àmì ohùn fúnra rẹ̀ wò lọ́wọ́. Orúkọ tí yóò fi dán an wò ti wà nísàlẹ̀ ojú ìwé: Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ẹ̀gbá, Ọ̀fà, gbogbo wọn ní ìwọ̀n 8.