Àáró Kì í Ṣe Ọ̀wẹ̀

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo ojúlé, pé ká máa jáde ní Sátidé wá ṣe àáró láti kó ìdọ̀tí inú gọ́tà. Ẹni tí kò bá yọjú yóò san owó ìtanràn. Wọn ò fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ mi bi mí bóyá ààrò ìdáná ni wọ́n ní ká gbé wá. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa. Oko ni àáró ti wá. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, iṣẹ́ ebè dé nìyẹn, èpò kì í sì í dúró de ẹnì kan. Ọkọ́ ẹnì kan ò lè ká a. Ni àwọn ọkùnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún tí agbára wọn dọ́gba á bá para pọ̀: lónìí, oko Àjàyí, lọ́la, oko Òjó, títí yóò fi kárí. Bí mo bá kọ igba ebè fún ọ, igba ebè ni ìwọ náà yóò kọ fún mi. Gbèsè ni àáró, iṣẹ́ la sì fi ń san án. Èésú gan-an ni, àfi pé òógùn la ń dá, kì í ṣe owó.

Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé, tàbí tó fẹ́ ṣiṣẹ́ fún àna rẹ̀, ló ń bẹ ọ̀wẹ̀. Tẹbí-tọ̀rẹ́ á wá, òun á wá oúnjẹ àti ẹmu fún wọn, kò sì sẹ́ni tí yóò máa ka ọjọ́ sí i lọ́rùn.

Èwo wá ni ti ẹgbẹ́ wa? Wọn ò bẹ ẹnikẹ́ni, wọn ò se oúnjẹ: kì í ṣe ọ̀wẹ̀. Ìyá àgbà kan, opó, rán ọmọ rẹ̀ méjì jáde ní Sátidé mẹ́ta tí a fi kó gọ́tà iwájú ilé àwọn olóyè ẹgbẹ́. Nígbà tó kan iwájú ilé tirẹ̀, ènìyàn méjì péré ló yọjú. Kí n má purọ́, èmi náà ò sí níbẹ̀.

Ká ní iṣẹ́ ìmọ́tótó ni wọ́n pè é, ìyẹn ì bá yé wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ pè é ní àáró ti jẹ gbèsè. Àáró tí a jẹ tí a ò san, ìrẹ́jẹ ni.

Sátidé tó ń bọ̀, èmi àti ọmọ mi ń gbé ṣọ́bìrì lọ síwájú ilé ìyá náà.